Bí Mo Ṣe Nu Títílọpẹ́ Sínú Òkun

Ilé rẹ, College Park,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Títílọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé aṣọ ọrùn rẹ gbẹ? Mo kí ẹ kú ìrìn, mo kí ẹ kú ewu, mo kí ẹ kú orí ire. Olúwa tó ń ṣọ́ ẹyẹ lójú ọ̀run ò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àlàáfíà ni mo wà. Ilá tí mo gbìn síwájú ilé rẹ ti hù, àmọ́ òyìnbó ẹ̀gbẹ́ ilé wa ń wò ó bíi pé ejò ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún bi mí lónìí bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Mo ní bàbá rẹ ni mí, pé ọmọdé ni mí nígbà tí mo bí ẹ. Kí ni kí n ṣe? Bí mo ṣe rẹwà náà nìyẹn.

Ṣebí kí o tó lọ fún ìsinmi ní erékùṣù Sísílì yẹn lo fi àmì róbótó búlúù kan hàn mí nínú fóònù, o ní ìwọ nìyẹn, pé ibi tí bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè bá gbé ẹ dé, màá máa rí ẹ. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó sá ní sùkúù, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lo kọ́ mi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo wò ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè, tí ọ̀nà ń lọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Mo wò ẹ́ nínú rélùwéè tó ń gba etí òkun láti Palẹ́mò lọ Sẹfalú. Tí o bá dúró pẹ́, màá fi ìka tì ẹ́ díẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí wàá tún fi máa lọ. Mo sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé èmi ni mò ń wa ọkọ̀ yín láti ibí.

Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń jẹ ẹ̀pà, iyọ̀ ẹ̀ bá ta sójú fóònù, níbi tí o wà gan-an. Mo fi etí bùbá nù ún. Ìgbà tí mo tún máa wò, àárín òkun lo wà! Kì í ṣe etí omi o, àárín gbùngbùn, ìwọ tí o ò mọ odò wẹ̀. Mo ní mo gbé, mo ti fọwọ́ ara mi nu ọmọ mi kan ṣoṣo sínú òkun. Mo fi ìka tì ẹ́ padà sórí ilẹ̀, ilẹ̀ ń sá fún ẹ, omi ń bá ẹ lọ.

Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn Zulkifli, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift òru dé. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá Títí, fóònù ò lè ju èèyàn sómi, ẹ lọ sùn jàre. Mo ní kó wò ó. Ó wò ó, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Ó pè ẹ́, kò wọlé. Ó tún pè ẹ́. Ó bá tẹ́ ẹní sí driveway, ó ń pe Ọlọ́run ní tiẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mò ń bẹ Jésù pé kó mú ìka yìí, kó fi ọmọ sílẹ̀. Mi ò tíì sunkún lójú èèyàn látìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Mo sun ún lọ́jọ́ yẹn.

Ibẹ̀ la wà tí o fi pè. O ní inú rélùwéè lo wà. Mo ní irọ́ ni, inú òkun ni. O ní òkun náà ni, pé ní Mẹsínà ni wọ́n ti ti gbogbo rélùwéè yín wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ó ń gbé yín sọdá lọ sọ́nà Róòmù, pé o tiẹ̀ ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n yí róbótó, tí wọ́n dín bí àkàrà. Àfìgbà tí o ki oríkì tí ìyá mi máa ń kì ẹ́ kí n tó gbà pé kì í ṣe òkú ló ń sọ̀rọ̀. Rélùwéè tó ń gbé èèyàn, òun náà tún ń wá ẹni tó máa gbé e!

Ọkàn mi ti balẹ̀. Mo sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìka tó tì ẹ́ sómi náà ló fà ẹ́ jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìdúpẹ́ di dandan, torí náà fi owó ránṣẹ́. Zulkifli mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ewúrẹ́ lọ́nà Fairburn. Kó ṣẹ́ kù díẹ̀ fún awò ojú mi, kí n lè máa rí ẹ dáadáa. Zulkifli náà ló máa ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ẹ.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ ò ní yẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Omi tí o bá gùn á gbé ẹ gúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Róòmù lo wà, o dúró sójú kan, Zulkifli ní ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀. Mo gbé fóònù sí ìpẹ̀kun tábìlì, mò ń wò ẹ́ látòkèèrè. Máa sùn. Mi ò ní fọwọ́ kàn ẹ́.

Bàbá rẹ,
Ọláníyọnu