Ẹyẹlé Olókìtì Yín Ti Wà Lórí Ẹyin

Bàbá Àwọn Ọmọ, ọdún mẹ́rin ti gorí ikú yín. Ọdún mẹ́rin! Àwọn èèyàn sọ fún mi pé ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, pé tó bá yá, yóò fúyẹ́. Mo ṣì ń retí kí ó fúyẹ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa retí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Àkọ́bí yín ti bímọ. Obìnrin ni, ó sì gbé iwájú orí yín wá sáyé bó ṣe gbòòrò tó, tòun ti pípá rẹ̀. A ti kan páànù sórí yàrá ẹ̀yìn tí ẹ fi sílẹ̀ láìlórùlé, òjò ò bá wa sùn níbẹ̀ mọ́. Àbíkẹ́yìn yín ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ máa ń bẹ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó kékeré ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn oníbàárà ní kọ́là ọmọ yín ò tíì dúró bíi tiyín. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún un.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ ẹyẹlé lẹ fẹ́ gbọ́.

Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Tiyín ò yẹrí. Wọn ò ṣí lọ, àmọ́ àṣá mú nínú wọn, àìsàn náà sì pa nínú wọn. Nínú ìran àwọn olókìtì tí ẹ fọwọ́ ara yín sìn, àwọn tó ń tàkìtì lójú ọ̀run, akọ kan ṣoṣo ló kù: Mẹ́kàníìkì, tí àyà rẹ̀ dúdú bí ẹni tí ọ́ìlì dà sí lára. Ó ti darúgbó. Tó bá fò báyìí, á tàkìtì lẹ́ẹ̀kan, á wá bà sórí òrùlé bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tán.

Dẹ́rẹ́bà ọ̀rẹ́ yín, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọkọ̀ wíwà báyìí, ló mú abo kan wá fún wa. A sọ ọ́ ní Ìyàwó torí ó máa ń pẹ́ kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé òkè! Á yí, á yí, á yí, bí òwú ṣe ń tú nígbà tó bá bọ́ lọ́wọ́ télọ̀, á sì dúró níbi tó yẹ kí ó dúró. Ká ní ẹ rí i ni, ẹ ò bá gbàgbé oúnjẹ.

Wàhálà tó bá wa nìyẹn. Òfin yín ni pé a kì í fi olókìtì bímọ àfi tó bá fò fún ọdún méjì, tí ìyẹ́ àtijọ́ já dànù lára rẹ̀ tí tuntun sì hù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹyẹlé kékeré mọ òkìtì í ta, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ẹ ní òmíràn á ṣe dáadáa lọ́dún kìíní, tó bá di ọdún kejì, òkìtì á borí rẹ̀, á máa yí bọ̀ nílẹ̀ títí yóò fi forí sọ nǹkan. Bí a bá ti fi irú rẹ̀ bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ náà á máa forí sọlẹ̀. Ìṣojú mi ni funfun kan nínú tiyín já lu táǹkì omi aládùúgbò. Òfin yìí kan náà lẹ fi dá àkọ́bí yín dúró nígbà tó fẹ́ yára lọ́kọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sórí nínú ilé yìí.

Ọdún kan péré ni Ìyàwó fò. Àbíkẹ́yìn yín ní bí a bá dúró, Mẹ́kàníìkì lè kú, ìran ẹyẹlé yín á sì tán sí i lára. Mo ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ní èyí tí ikú bá mú ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́, torí kò parọ́.

Nígbà tí mo lọ bá àkọ́bí yín tọ́jú ọmọ tuntun, àbíkẹ́yìn yín kó Mẹ́kàníìkì àti Ìyàwó sínú àgò kan. Mo dé, mo bá ẹyin méjì. Mo mú àwọn ẹyin onígi tí ẹ gbẹ́, mo fi rọ́pò wọn kí Ìyàwó má baà tètè yé òmíràn, mo sì kó ẹyin gidi dànù. Ìyàwó sàba lórí igi. Ọmọ yín wò mí, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ì bá bínú sí mi, ì bá sàn.

Nígbà tí Dẹ́rẹ́bà wá wo ẹyẹlé lópin ọ̀sẹ̀, mo ròyìn fún un, mo rò pé yóò yìn mí. Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú o,” ló wí. “Ọkọ yín gan-an ò dúró de ọdún méjì lórí ti ìyá Mẹ́kàníìkì. Ọdún kan ni abo yẹn fò. Akọ tó fẹ́ fún un ń ṣàìsàn, ẹ̀rù bà á, ló bá pa wọ́n pọ̀. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fún yín, pé ẹ máa fi òun ṣẹ̀fẹ̀ kú.”

Ha! Bàbá Àwọn Ọmọ! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yín bí ẹyin, tí mo ń bá ọmọ mi jà nítorí rẹ̀. Òfin lẹ fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ̀rù ba ẹ̀yin náà rí. Inú bí mi sí yín lọ́jọ́ náà, ká má parọ́.

Mo jẹ́ kí Ìyàwó sinmi dáadáa. Lẹ́yìn náà, mo pe àbíkẹ́yìn yín kí ó wá di ilẹ̀kùn àgò mú, mo sì fọwọ́ ara mi kó àwọn méjèèjì pọ̀. Kì í ṣe pé Ìyàwó ti pé ọdún méjì tí ẹ ní. Mẹ́kàníìkì ni kò ní ọdún nílẹ̀ mọ́.

Ó ti yé ẹyin méjì. A fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Ọ̀kan mọ́ kedere, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Nínú ìkejì, iṣan pupa tín-ín-rín ti ta káàkiri. Mo ní kí ọmọ yín rọra dì í mú, kó má fọ́ ọ.

Bóyá èyí tó ń bọ̀ yìí yóò mọ̀ ọ́n dúró lójú ọ̀run, tàbí yóò forí sọlẹ̀, a ò lè mọ̀ báyìí. Ó di ìgbà tó bá fò fún ọdún méjì. Tó bá já, èmi ni kí ẹ bá wí, kì í ṣe ọmọ. Tó bá dára, mi ò ní bá yín pín ìyìn.

Ó rẹ̀ mí láti máa dá nìkan pinnu. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, ẹ̀yin alágídí ọkọ mi, àárò yín ò sì jẹ́ kí n gbádùn. Nírọ̀lẹ́, tí a bá da ẹyẹlé sílẹ̀ tí mo jókòó láti wòkè, mo ṣì máa ń sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ lè ráyè jókòó.