Òpó Tó Ń Mu Òjò

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti etí ọ̀sà Àbíjàn ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti gbà kí ẹ máa lọ sóko Ìsùndúnrìn? Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mò ń kírun dáadáa, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Àǹtí Sàídà, àbúrò yín tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ní kí n kí yín. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí fún yín máa kà á sókè dé ẹ̀yìnkùlé, nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Èjìgbò ṣe dé inú ọkọ̀ ojú omi, àbí ẹja ni mò ń ránṣọ fún. Màmá, aránṣọ náà ni mo ṣì jẹ́. Ọgbà kan wà níbí tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Èmi ni mò ń rán tìmùtìmù tí wọ́n ń jókòó lé, tí wọ́n sì ń sùn lé nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín kì í fi ẹ́ńjìnnì rìn. Aṣọ ńlá ni atẹ́gùn ń fẹ́ tó fi ń lọ, òpó gíga kan ni wọ́n sì ń ta aṣọ náà mọ́. Mo ti rò pé òpó yẹn wọ inú ọkọ̀ lọ, bí òpó ilé ṣe ń wọ ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orí òrùlé ọkọ̀ ló kàn jókòó sí, tí àwọn wáyà líle dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú yàrá ọkọ̀, igi kan dúró tó ń bá a gbé ẹrù. Ìdí igi yẹn gan-an ni tìmùtìmù mi wà, bí òjò bá sì ti rọ̀, á tutù rinrin.

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ọkọ̀ náà, ibẹ̀ ló sì ń gbé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó gbé tìmùtìmù náà padà wá, ó ń rùn. Mo tún un rán, ó tún gbé e padà. Ọ̀gá wa, Kúàsí, wá sọ fún mi pé fóòmù tí mo rà ló ń fa omi mọ́ra, àti pé bó bá tún tutù, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, Màmá, kò sí nǹkan tí mò ń ṣe níbí mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí Àǹtí ti ń ránṣọ ò gba aránṣọ méjì. Ilé nìkan ló kù.

Èmi ò gbà pé fóòmù ni. Mo bẹ ọ̀gá kó jẹ́ kí n gun orí ọkọ̀ lọ wo ìdí òpó náà. Bí Bàbá ṣe máa ń fi ọ̀dà dúdú dí orí ìṣó lórí pánù ni mo ṣe mú gọ́ọ̀mù, mo fi yí ìdí òpó náà ká, mi ò fi ààyè kankan sílẹ̀. Ó dán, ó wù mí wò. Òjò rọ̀, omi tó wọlé lọ́jọ́ yẹn sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Inú bí mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà tún ń jẹ mí lọ́kàn. Mo dí i, ó tún ń jò, ibo ló wá ń gbà? Ibi tó yẹ kí ẹ ti dárí jì mí rèé. Ẹ rántí ẹlùbọ́ tí ẹ fi rán èrò ọkọ̀ sí mi. Ẹlùbọ́ gbígbẹ kì í lè fi pa mọ́ pé omi kan òun, á dúdú kíákíá ni. Mo bu díẹ̀, mo fi àkísà fẹ́lẹ́ dì í ní kékeré kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ọkọ̀ àti ara igi yẹn káàkiri, mo sì jókòó tì í. Ọkọ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé, ó dún bíi pánù ilé wa gẹ́lẹ́. Àárò yín sọ mí, mo sunkún. Ojú mi ò kúrò lára ẹlùbọ́ ṣá.

Ibi tó kọ́kọ́ dúdú ni ihò inú àjà tí wáyà iná tó ń tàn lórí òpó ti gba àárín ìdí òpó wọlé. Mo sáré pe ọ̀gá. Ó dúró nínú òjò, ó fi ìka kan òpó náà, ó tẹ́tí, ó wá bi mí pé níbo ni ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ òpó wà. Mo ní mi ò rí ihò. Ó ní òpó náà ṣófo nínú bíi páìpù, òjò ń gba òkè rẹ̀ wọlé níbi tí àwọn okùn ń gbà, ihò yẹn sì ni omi fi ń jáde. Ìdọ̀tí ti dí i tipẹ́. Èmi wá fi gọ́ọ̀mù parí ẹ̀, omi ò wá rí ọ̀nà míì ju ihò wáyà lọ. Ó fi ọ̀bẹ gé gọ́ọ̀mù mi kúrò, omi sì tú sí wa lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ò rò ó kan òpó, fóòmù lòun di ẹ̀bi rù.

Àwọn ará ọgbà bá wa gbé òpó sílẹ̀. A họ pákó òrùlé tó ti rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò wáyà kúrò, a jẹ́ kó gbẹ, a sì fi àtè líle kún un. Ọ̀gá wá ri páìpù kúkúrú kan sí ihò náà, tó yọrí sókè díẹ̀, kí omi tó bá dúró nínú òpó má lè dé ẹnu rẹ̀. Wáyà gba inú rẹ̀, a sì fi gọ́ọ̀mù dí ẹnu rẹ̀. Ihò ìsàlẹ̀ òpó nìkan la ò fi gọ́ọ̀mù dí, ìdọ̀tí inú rẹ̀ nìkan la yọ kúrò. Lẹ́yìn tí òpó ti padà sáyè rẹ̀, òjò ńlá kan rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tìmùtìmù gbẹ táútáú. Bàbá olùkọ́ jókòó lé e, ó ń fọwọ́ pa á.

Ọ̀gá ti wá ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ ńlá tí atẹ́gùn ń fẹ́ yẹn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa pẹ́. Mo ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kí n tó rántí pé ó yẹ kí n bi yín.

Àǹtí sọ fún mi lánàá pé ẹ ti kun yàrá mi dè mí, ẹ sì ti so kọ́tìnnì tuntun sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè, torí mi ò ní lè fara da bí ẹ ṣe máa dákẹ́ lórí fóònù. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí, Màmá, ó sì dùn mí pé inú mi dùn. Mi ò tíì ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi Múfútáù máa sùn ní yàrá náà.

Ẹ kí àwọn ará ilé àti gbogbo ẹni tó ń gbọ́. Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kó jẹ́ kí n bá ẹ̀yin àti Bàbá láyé, láàyè, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ránṣọ létí ọ̀sà,
Ràṣídátù