Àbúrò Yín Tí Kì Í Ṣe Àbúrò Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Orí tábìlì tí ẹ ti máa ń bó ọsàn ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ rántí bí èèpo yẹn ṣe máa ń gùn bí okùn lọ́wọ́ yín láìjá? Mo gbìyànjú rẹ̀ lánàá. Ó kàn ń já ṣáá ni.

Ìsinmi ni mo wá láti yunifásítì. Ọdún àkọ́kọ́ mi kò tíì parí, mi ò sì mọ̀ bóyá mo ń ṣe dáadáa. Bí olùkọ́ bá béèrè nǹkan, àwọn yòókù á ti dáhùn kí n tó dá ara mi lójú. Irú èmi yìí ni àwọn àgbà tí ẹ jọ dá ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Okere, ní Warri níbí, ní kí n lọ gbẹnu sọ fún àwọn, torí pé ẹ kò sí láyé mọ́, èmi sì ni ọmọ yín.

Ilé ọmọ náà kò lè dá dúró mọ́, Bàbá. Láti ìgbà tí owó epo ti dé, àwọn òyìnbó elépo ni onílé fẹ́ gbé ilé rẹ̀ fún. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Enerhen, tí wọ́n ní ilé tiwọn, ló gbà láti kó wa mọ́ra. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á gba gbogbo òṣìṣẹ́, pé kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tuntun. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ̀: ẹbí ẹni tó dá ilé náà sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó oṣù níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi Àǹtí Dúpẹ́, tó ń bá yín tọ́jú àwọn ọmọ níbẹ̀, han àlejò? "Àbúrò mi rèé." Gbogbo Warri ló gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà á, títí mo fi dàgbà tó láti ronú pé Ọ̀yọ́ ni ẹ ti wá, mọ́sálásí lẹ sì ń lọ, Àǹtí sì jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sétí omi. Kí ló dé tí ẹ kò pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ rí? Ṣé ẹ rò pé ó máa dùn wọ́n ni?

Ní ìpàdé àná, ẹ̀gbẹ́ mi ni Àǹtí jókòó sí, wọ́n wé gèlè tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Alága àwọn obìnrin náà wò wọ́n, ó wò mí.

"My pikin, no be your papa sister be this? Family no fit collect salary for here o."

Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ Àǹtí lọ nìyẹn, kò sì sí ẹlòmíì tí ń bọ́ wọn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú wọn ni màá ti sọ ọ́.

"No, ma. She no be our family at all. Na worker she be."

Kí ló dé tí mo fi "at all" yẹn kún un, Bàbá?

Alága ní, "But Alhaji dey call am sister up and down!" Mo ní bí àwa Yorùbá ṣe máa ń pe ẹni tí a bá fẹ́ràn nìyẹn. Obìnrin kan nawọ́ sí àgbélébùú tó wà lọ́rùn Àǹtí: "True o. Which Alhaji sister dey wear cross?" Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gba Àǹtí síṣẹ́. Ọdún tí wọ́n ti lò kò sì sọnù.

Àǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jáde, wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ ṣé o, mà."

Ẹ ṣé! Èmi! Àǹtí tó wẹ̀ mí ní kékeré, tó ń pè mí ní olórí kunkun, tó ń fà mí létí bí mo bá fi Pidgin dá wọn lóhùn. Láti àná, "ẹ" ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí, wọ́n wá láti yàrá wọn lẹ́yìn ilé wa, wọ́n ní ṣé kí àwọn gbé oúnjẹ mi wá.

Ṣé mo ṣe é dáadáa, Bàbá? Ọ̀nà wo ni ẹ̀yin ì bá gbà, tí iṣẹ́ Àǹtí á dúró, tí àbúrò yín náà á sì ṣẹ́ kù? Mo fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún fi "mà" dá mi lóhùn, mi ò ní lè gbà á.

Nítorí náà, mo fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ ní ìdáná láìfọ̀, mo sì fi ṣíbí sínú rẹ̀, ohun tí Àǹtí kórìíra jù láyé. Mo ti ń gbọ́ ìró bàtà wọn lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Bàbá, ẹ bá mi gbàdúrà kí wọ́n pariwo mọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Èmi ni,
olórí kunkun yín, tí àárò yín ń sọ.