Ohùn Tí Oògùn Gbé Lọ

Ilé Àwọn Nọ́ọ̀sì,
Ilé Ìwòsàn Ìtura,
Èrúwà.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ, 1972.

Rebecca mi, Ìyá Ọmọ́ṣọlá,

Mo kí ọ kú ọ̀gìnnìtìn yìí o. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Inú rírun tó ń da Ọmọ́ṣọlá láàmú ńkọ́, ṣé ó ti lọ pátápátá? Àwọn ará Ayétẹ̀ ńkọ́, ṣé àgbàdo wọn gbó? Ara tèmi le, àfi ẹsẹ̀ tó ń ro mí nítorí ìdúró.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kan bi ọ́ bóyá oògùn lè wọ inú ọpọlọ, kó sì yí ohun tí ènìyàn ń rò padà, àti pé ìwọ náà ò mọ èsì. Abèèrè kì í ṣìnà. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú oṣù méjì yìí fún ọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Yẹ̀kínì, télọ̀ ni ní Lánlátẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Wàhábì, ló mú un wá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti fojú ba oorun. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Wọ́n ń bú u, wọ́n sì ń sọ fún un pé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń tú àṣírí rẹ̀ fún ará ọjà, ló bá gbé ẹ̀rọ náà jù sínú kànga. Nígbà tí mo ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí ibi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi dè é ti bó o lára.

Dókítà ní kí n máa gún un ní abẹ́rẹ́ kan tí à ń pè ní halopẹrídọ́ọ̀lù. Ó sùn. Ní ọjọ́ kejì ó jẹ ẹ̀kọ, ó sì bi mí pé kí lorúkọ mi. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ igbe. Mo sáré wọlé, mo bá Yẹ̀kínì tí ọrùn rẹ̀ ti lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyinjú rẹ̀ yí sókè, ahọ́n rẹ̀ le gbagidi. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Bàbá Wàhábì ti ń di ẹrù.

Ó ní, “Ẹ ti bà á jẹ́! Orí nìkan la gbé wá, ẹ ti fi ọrùn kún un. À ń lọ sílé.”

Dókítà ti lọ sí Igbó-Ọrà láti àárọ̀. Wọ́n ti kọ́ wa pé abẹ́rẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fojú rí i rí. Dókítà sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa pé bó bá ṣẹlẹ̀, kí a gún onítọ̀hún ní abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń tú iṣan. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Wàhábì.

Mo ní, “Bàbá, ìwọ̀n ìgbà tí ẹ ó fi kírun kan ni mo ń tọrọ. Bí ọrùn náà kò bá padà, ẹ máa mú un lọ.”

Bàbá ṣì ń so ẹrù rẹ̀. Ìyá Yẹ̀kínì ló sọ̀rọ̀: “Gún un, ọmọ mi.”

Mo gún un. A dúró. Ẹyinjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wo ìyá rẹ̀ lójú, tó ní, “Omi.” Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

Bàbá Wàhábì wá jókòó tì mí, ó ní kí n sọ ohun tó wà nínú orí yẹn gan-an fún òun. Mo sọ ohun tí olùkọ́ wa sọ, mo kàn fi odò Ọ̀fìkì ṣe àpẹẹrẹ ni. Mo ní àwọn iṣan inú ọpọlọ kò fara kan ara wọn. Àlàfo wà láàárín wọn bí odò. Oje kan báyìí ló ń gbé ìròyìn sọdá, bí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀kan nínú irú oje bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ dopamíìnì. Ó jọ pé ọkọ̀ yẹn ti pọ̀ jù lọ́pọlọ Yẹ̀kínì, oògùn wa sì ń dí èbúté kí wọ́n má lè gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ló ń gbé ìròyìn tí ara fi ń rìn, tí ọrùn fi ń yí. Bí a bá dí èbúté jù, ọrùn á jìyà rẹ̀.

Ó bi mí pé, “Ṣé o ti rí ọkọ̀ yìí rí?”

“N kò rí i o, Bàbá. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ṣì ń wádìí rẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa tí o kò purọ́.” Ó tú ẹrù rẹ̀.

Dókítà dín oògùn náà kù, ó sì fi hóró oògùn tí kò ní jẹ́ kí iṣan le kún un. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi lọ́jọ́ tí Yẹ̀kínì fẹ́ máa lọ sílé, ó pè mí sí kọ̀rọ̀.

Ó ní, “Sístà, àwọn tó ń bú mi ti lọ, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi náà ti lọ.”

Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ohùn bàbá náà wà níbẹ̀, tó máa ń pè é jẹ́jẹ́ pé kó dìde, àsùbá ti tó. Ó bi mí bóyá òun lè máa lo ìdajì oògùn, kí àwọn eléèébú lọ, kí bàbá òun dúró.

Ìwé wa kò sọ ọ́, Rebecca. Mo sọ òótọ́ fún un pé n kò mọ oògùn tó lè ṣa ọ̀kan sílẹ̀ lára wọn, àti pé bí bàbá bá padà wá, àwọn yòókù lè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà mo ní kó sọ irú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ fún mi. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ó ní ọkùnrin náà lè gé bùbá láìfi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó gbé oògùn náà mì níṣojú mi.

Ó wá fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ Alàmísì tó kọjá. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó sanra díẹ̀. Mo rọra béèrè nípa bàbá rẹ̀.

Ó ní, “Kò pè mí mọ́. Èmi náà ni mo ń jí ara mi. Bí mo bá kírun tán, mo máa ń kí i kí n tó dìde lórí ẹní.”

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Ìyá àgbà. Fi ẹnu ko Ọmọ́ṣọlá lẹ́nu fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
Ìbílọlá.