Sùlèmánù Tó Ń Bọ̀ Láti Belgium

                                        14, Heronwater Court,
                                        Thamesmead,
                                        London SE28.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2014.

Àpèkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara bàbá àwọn ọmọ ti ń le sí i? Orúnkún rẹ ńkọ́, tó ń yọ ọ́ lẹ́nu tí o bá ń kírun? Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀ o. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Wọ́n ní ìgbà ooru ti dé, síbẹ̀ súwẹ́tà ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù.

Ẹnu á yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Fóònù rẹ ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló máa ń gbọ́ ohun tá a bá sọ, ọ̀rọ̀ yìí kò sì yẹ létí àwọn oníbàárà. Rosaline tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ nílé, mo ní kó fi lé ọ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á síwájú.

Àpèkẹ́, kò sí Sùlèmánù.

Sùlèmánù tí mo ní Habeebah ọmọ mi fẹ́ fẹ́, tí o ní kí àwọn ìyá Àsàlátù máa dárúkọ nínú àdúrà, kì í ṣe ènìyàn. Owó ni. Owó pépà, páùn kan tá a ná kí náírà tó dé.

Má tíì bínú. O mọ̀ pé Habeebah pé ọdún mẹ́rìndínlógójì ní January, o sì mọ bí oorun mi ṣe rí láti ìgbà tó ti lé lọ́gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó wà ní bálùwẹ̀, omi ń ṣàn, ó ké jáde pé, “Mummy, mo ti rí i!” Mo ní ta ni. Ó dárúkọ kan, Sùlèmánù ni mo gbọ́. Mo sún mọ́ ilẹ̀kùn.

“Níbo ló wà?”

“Belgium. Ó ń bọ̀ níbí.”

“Ọdún wo ni wọ́n bí i?” O mọ̀ mí, mi ò lè ṣe kí n má béèrè.

Ó rẹ́rìn-ín. “Nineteen fifty-eight! Ó pupa, Mummy, ó rẹwà gan-an.”

Mo fi ìka ṣírò ọdún. Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi ju ọkùnrin náà lọ! Mo bi í bóyá kò sí ẹlòmíràn nídìí rẹ̀. Ó ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án rí. Mo ní ara rẹ̀ ńkọ́? Ó ní ara rẹ̀ pé, wọ́n kàn lu ihò méjì sí i nísàlẹ̀ ni. Èmi tí mò ń tọ́jú aláìsàn lójoojúmọ́, mo mọ irú iṣẹ́ abẹ yẹn. Mo sọ fún ara mi pé appendix ni. Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́.

Ní Saturday tó ní ó ń bọ̀, mo se ìrẹsì ọ̀fadà, mo ra ẹran ewúrẹ́ ní Powis Street, mo sì pe Alhaji Ṣàmsúdéènì, àbúrò bàbá Habeebah tó ń wa bọ́ọ̀sì, pé kó wá gba àlejò. Habeebah rò pé nítorí Alhaji ni mo ṣe ń dáná. Nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún, Alhaji ló ṣílẹ̀kùn. Òyìnbó onílẹ́tà ni, oòrùn ti pa ojú rẹ̀ pupa, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Alhaji dì mọ́ ọn.

“Sùlèmánù, káàbọ̀, ọmọ wa!”

Onílẹ́tà na bébà sí i pé kó buwọ́ lù ú. Alhaji yíjú sí mi. “Ìyá Habeebah, kí ló ń kán an lójú? Mi ò lè buwọ́ lu ìwé ìgbéyàwó láì tíì gbàdúrà!”

Habeebah sáré sọ̀ kalẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó gba àpòòwé, onílẹ́tà sì sá lọ. Owó pupa kan ló yọ, nínú nylon, ihò méjì nísàlẹ̀, wọ́n kọ SPECIMEN gàdàgbà sí i lára. Alhaji fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ìyá Habeebah, èyí ò jọ Sùlèmánù o.”

Habeebah rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní “specimen” lòun sọ ní bálùwẹ̀, pé irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí báǹkì kí wọ́n lè mọ ojúlówó, wọn kì í ná an. Lẹ́yìn náà ló ní:

“Mummy, ọdún mẹ́rin ni mo fi wá a. Ẹ ò bi mí rí nǹkan tí mò ń wá. Ọ̀rọ̀ ọkọ nìkan lẹ máa ń bi mí.”

Òótọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya ọnà sára ìwé ẹ̀rí, àmọ́ “ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà” ni mo máa ń sọ fún ènìyàn. Ó fún mi ní dígí tó ń mú nǹkan tóbi. Odò kan wà lára owó náà, ọ̀pẹ wà létí rẹ̀. Omi yẹn, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan ò kan èkejì. Ó ní ọwọ́ ni ẹnì kan fi gbẹ́ wọn sára irin, láti òdì, bí nǹkan ṣe ń rí nínú dígí. Àpèkẹ́, owó yẹn náà ni ìyá mi máa ń dì mọ́ etí ìró. Mi ò mọ̀ pé odò wà nínú rẹ̀.

Mo bi í pé, “Ta ló gbẹ́ ẹ?” Ó ń sọ ọ́ fún mi títí ìrẹsì fi tutù. Alhaji ti jẹ tirẹ̀, ó ti ṣàdúrà fún owó náà pẹ̀lú.

Mo fẹ́ ní kí o sọ fún àwọn ìyá Àsàlátù pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n mo tún rò ó. Ó ti di Sunday mẹ́ta tí orúkọ yẹn ti ń gòkè, bóyá Sùlèmánù kan ti gbéra níbì kan. Jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Kí wọ́n kàn yọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kúrò níbẹ̀.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n rí lẹ́tà yìí. Habeebah ń kí ọ, Alhaji náà ń kí ọ.

Èmi ni tìrẹ, tí ojú ń tì,
Nusirat