Mo Ti Bá Ọ Sọ Fún Ọ̀gá Rẹ

Ìgbẹ́sà

Fàlílù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé ara le, ṣé o ń rí oorun sùn? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run Ọba, àfi ìyá rẹ Àṣàbí tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti Àlàmísì. Ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o ní báńkì kan ní Èkó fẹ́ gbà ọ́ sí ìdí kọ̀ǹpútà wọn, owó oṣù wọn sì ju ti ilé iṣẹ́ oníke tí o wà ní Ṣàngó lọ dáadáa, ṣùgbọ́n o kò ní lọ, nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ lo fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe owó. Mo kà á títí. Láti kékeré ni mo ti ń roko ẹ̀gẹ́, n kò rántí ọjọ́ tí mo nífẹ̀ẹ́ ọkọ́. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí n lọ fojú rí ohun tí ọmọ mi fẹ́ràn tó báyìí.

Nígbà tí mo dé Ṣàngó, wọ́n ní wọ́n rán ọ lọ sí Ìkẹjà. Ọ̀gá àgbà yín fúnra rẹ̀ ló mú mi wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Mo bọ́ bàtà bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí. Otútù ibẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń yọ́ ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń làágùn bí ẹni òjò pa. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ gbóná, eruku kò gbọdọ̀ kàn án, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ń bẹ. Mo kí kọ̀ǹpútà náà, kò dáhùn. Mo ní ó jọ pé kò gbọ́ Yorùbá, ọ̀gá yín ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá náà, mo ní kó má fòyà, Fàlílù kò lọ sí báńkì kankan, torí kì í ṣe nítorí owó ló ṣe ń bá wọn ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní láyé Sáàpù tí ìjọba gbé dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí, àwọn tó ń halẹ̀ pé àwọn máa lọ ni òun fẹ́ fi kún owó wọn, òun sì ti fẹ́ fi kún tìrẹ náà, ṣùgbọ́n ní báyìí òun kò fẹ́ kí owó ba ìfẹ́ jẹ́. Mo ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì fún mi ní korobá ike kan.

Korobá náà ni mo gbé fún ìyá rẹ tí mo fi ròyìn fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ìfẹ́ la máa gbé lọ bá àwọn òbí Mùíbátù, àfẹ́sọ́nà rẹ, tí wọ́n bá béèrè ohun ìdána. Mo ní ṣebí ìfẹ́ ni ìgbéyàwó. Àtìgbà náà ni kò ti fọhùn.

Òjò ti ń wọlé bá wa, páànù ẹ̀yìnkùlé ti dípẹtà. Jọ̀wọ́ fi owó páànù rán ẹni tó bá ń bọ̀, kí o fi ti ìrẹsì kún un. Mo mọ̀ pé kò ní dùn ọ́ láti yọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ kò fẹ́ràn owó.

Bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. Ó ní kí o fi àdírẹ́sì báńkì yẹn ránṣẹ́ kíákíá, òun fúnra òun fẹ́ lọ sọ fún wọn pé owó nìkan ni ọmọ òun ń wá kiri.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ já sí asán, kó sì jẹ́ kí ohun tí o fẹ́ fẹ́ ọ padà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àmọ̀dá