Ikú Mùnírátù Kò Sí Nínú Ìṣirò Wọn

                                                  Agboolé Èṣùbíyì,
                                                  Ẹ̀yìn Oríta Olóbì,
                                                  Ilé-Ifẹ̀,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, Mùhámmẹ́d,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni ara? Báwo ni orúnkún tí o ní kò jẹ́ kí o lè kírun lórí ìdúró mọ́? Ìyá Hakeem ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wálẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò ba kòkó yín jẹ́ ní Ìpetumodù lọ́dún yìí. Tiwa níbí náà kò yàtọ̀, dúdú ló ń dú lórí igi. Èmi wà láàyè. Mò ń jẹun, mò ń sùn díẹ̀, ojú ọ̀tún mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. N kò wá ìkẹ́dùn lórí ìyẹn.

Ìkẹ́olúwa, aya ọmọ mi àbíkẹ́yìn, ló ń bá mi kọ ìwé yìí, torí o mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Ó ní kí n kúkú pè ọ́ lórí fóònù, tàbí kí n wọ mọ́tò wá, pé Ìpetumodù kò jìnnà. Mo ní rárá. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, èmi náà á sì gbà. Bí mo bá wá, màá rí ojú rẹ, n kò sì ní lè sọ ọ́ tán. Ìwọ mọ̀wé. Jókòó, kí o kà á fúnra rẹ dé òpin.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé sí Oríta Olóbì. Wọ́n na okùn rọ́bà dúdú méjì lé títì láti etí kan dé èkejì, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ọ̀dà, wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́ àpótí irin kékeré kan lẹ́bàá òpó iná. Wọ́n ní bí táyà bá ti gun rọ́bà yìí, àpótí á kà á, á sì mọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó. Àwọn mìíràn jókòó sábẹ́ agbòòrùn, wọ́n ń ka ọ̀kadà, wọ́n ń ka tírélà, wọ́n ń ka ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá. Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn, Fisáyọ̀mi lórúkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ẹrẹ̀ sì kún bàtà rẹ̀ bíi ti gbogbo wa. Ó ní ọ́fíìsì àwọn ń ṣètò ọ̀nà gbogbo agbègbè yìí pa pọ̀, láti Ìpetumodù dé Modákẹ́kẹ́ dé Ifẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti pọ̀ jù àti ibi tí ọ̀nà ti ń pa èèyàn.

O mọ àwọn èèyàn wa. Lọ́jọ́ kìíní tí wọ́n rí okùn yẹn, ariwo ta pé wọ́n ti wá mú ọkọ̀. Ọlọ́kadà tó gbé èèyàn mẹ́ta ń já méjì sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Akoto tó ti wà lábẹ́ ibùsùn láti ìgbà tí wọ́n ti rà á bọ́ síta, wọ́n dé e bí ẹni tó ń lọ sógun. Àwọn onítakisí ń gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kọjá. Àlejò tó bá dé Oríta Olóbì lọ́jọ́ náà á rò pé àwa la mọ mọ́tò wà jù láyé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Fisáyọ̀mi fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn ọlọ́kadà nídìí igi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ bá ń ṣe ọmọlúàbí báyìí, a ó padà lọ sọ pé kò sí wàhálà níbí."

Adédàmọ́lá, alága wọn, dá a lóhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí. Ìwàkuwà? Iṣẹ́ wa nìyẹn!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán, oríta ti padà sí bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ló pe gbogbo àdúgbò jọ síwájú mọ́ṣáláṣí. Ó ní oríta mẹ́ta ni àwọn ń gbé yẹ̀ wò, ọ̀kan ni àwọn lè kọ́kọ́ tún ṣe. Wọ́n á ṣe òkìtì tó ń dín eré ọkọ̀ kù, wọ́n á gbé iná tó ń darí ọkọ̀ síbẹ̀, wọ́n á sún ìsọ̀ kúrò ní igun títì kí ojú lè ríran. Ó ní sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tiwa ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti ń kú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, àwọn sì ti béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá, àwọn ti béèrè ní ọsibítù. Ní ti Oríta Olóbì, ẹnì kankan kò kú.

Obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Kò sí ẹni tó kú kẹ̀? Ibi tí a ti ń bu iyanrìn bo ẹ̀jẹ̀!"

Fisáyọ̀mi ní, "Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi, ìyá. Ẹnì kan péré."

Mùhámmẹ́d, èmi ni gbogbo wọn ń wò.

Kí ni ǹ bá sọ? Ọdún kẹfà rèé tí Hakeem ọmọ rẹ fi mọ́tò gbá Mùnírátù aya mi ní oríta yẹn. Kó tó di pé oòrùn wọ̀, a ti sin ín bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ìwọ àti àwọn ẹbí rẹ dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn níwájú ilé mi, mo sì ní kí ẹ dìde. A kò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. A kò gbé e lọ sí ọsibítù, torí ara rẹ̀ ti tutù. A jọ fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ náà kò ní dé etí ìjọba láé. Mo dárí ji ọmọ rẹ. N kò yí i padà, n kò sì ní yí i padà láé. Mo ní kí Ìkẹ́olúwa fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o kò mọ̀. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá ti pa èèyàn ní oríta yẹn, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá pè, kí wọ́n tó pe lèmọ́mù. Wọ́n á gbé mi kalẹ̀ síwájú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ wo Bàbá Èṣùbíyì. Aya tiwọn ni ọkọ̀ pa, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ta wá ni ẹ̀yin?" N kì í la ẹnu. Jíjókòó mi ti tó. Ẹni náà á gbà, wọ́n á sin òkú, ó parí. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe wọlẹ̀ tí ìjọba kò gbọ́ nípa ẹnì kan.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kadà pa Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọmọbìnrin télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ. Wọ́n tún wá gbé mi. Bàbá ọmọ náà wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ẹ ti dárí jì wọ́n. Ṣé ó ti wá tán lára yín?" Ó gbà bí àwọn yòókù ṣe máa ń gbà, mo sì rí i pé nítorí irun funfun orí mi ni. Ìkẹ́olúwa ní kí n sọ fún ọ pé òun náà ń mú ọmọ òun sọdá níbẹ̀ láràárọ̀. Òótọ́ ni. Ó kàn ń dì í lọ́wọ́ mú, ó ń sáré ni.

Nígbà tí ìpàdé tú ká, mo tẹ̀lé Fisáyọ̀mi lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Mo bi í bóyá òkú ọdún mẹ́fà ṣì lè wọ inú ìṣirò wọn. Ó ní ó lè wọ̀ ọ́, bí ẹbí bá ti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń béèrè: níbo ni ọkọ̀ ti ń bọ̀? Apá ibo ni màmá dúró sí? Kí ló bo awakọ̀ lójú? Ṣé ó tẹ bíréèkì? Ó ní iye òkú á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ burú, ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa tún ṣe.

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ta ló wá mọ̀, Bàbá?"

Ọmọ rẹ nìkan ló mọ̀. Gbogbo àwọn tó kù, lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sáré dé.

Mo pe lèmọ́mù kó wá gbọ́, mo sì bi obìnrin náà bóyá wọ́n máa kọ orúkọ awakọ̀. Ó ní rárá, pé orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ kò kan òun, pé òun kì í ṣe ọlọ́pàá. Ohun tó sọ nìyẹn. N kò lè búra fún ọ lórí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá torí rẹ̀ wá Hakeem wá, èmi olóòkú ni wọ́n á kọ́kọ́ bá.

Mo gbọ́ pé bí Hakeem bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá kí yín, Iléṣà ló ti ń yà gba Òṣogbo, á gba Gbọ̀ngán kó tó dé Ìpetumodù, kó má baà kan Ifẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ojú ló ń tì í. Ní báyìí, mo ń rò ó pé bóyá nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ni. Èmi kò bi í. Ìwọ ńkọ́, ṣé o bi í? A dárí jì í, a sì pa á lẹ́nu mọ́ lójú kan náà.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ náà máa padà wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu wa. Mo fẹ́ kí o sọ fún Hakeem kó wá. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ á sunkún, mo mọ̀ pé àwọn ẹbí rẹ á ní mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ tó ti parí. Sọ fún wọn pé ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ ṣe.

Àti pé kì í ṣe nítorí ọ̀nà nìkan. Mo mọ ìró aṣọ tí Mùnírátù ró lọ́jọ́ náà, torí wọ́n kó o wá fún mi. N kò mọ̀ bóyá ó ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀. N kò mọ̀ bóyá ó rí ọkọ̀ náà. N kò mọ̀ bóyá ó sọ nǹkan kan. Fún ọdún mẹ́fà, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, mo ń ní kó dákẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ báyìí.

Bí Hakeem kò bá lè sọ ọ́ lójú obìnrin yẹn, kó wá sọ ọ́ fún èmi nìkan nínú yàrá mi, kí a ti ilẹ̀kùn. Èmi á fi ẹnu ara mi gbé e lọ fún obìnrin náà. Bó bá fẹ́ sunkún, kó sunkún, n kò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n bí kò bá wá, èmi á dá lọ, màá dárúkọ Mùnírátù fún wọn. Wọ́n á bi mí bó ṣe kú, màá sì dúró síwájú wọn bí àjèjì tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Bá mi kí Ìyá Hakeem. Sọ fún un pé n kò bínú sí ọmọ rẹ̀. Kí gbogbo agboolé, kí àwọn tí a jọ ń lọ sóko láyé ijọ́un tí wọ́n ṣì wà. Ìkẹ́olúwa ń kí ọ, ó ní kí ẹ má bínú sí ìkọ̀wé òun.

Èmi ni, ẹni tó ṣì ń pè ọ́ ní ọ̀rẹ́,

Bùsàrí Èṣùbíyì
(Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ sí i.)